Àkọsílẹ̀ Orí Igi Àjà

Ìkòkò mẹ́ta, abọ́ méjì, àti pọ́ọ̀ kan tó ti ya létí,
ohun tí ìyá wa fi ń gbe òjò nìyẹn l'Ókè-Baálẹ̀
láti ìgbà tí páànù bàbá ti pọ́n bí iyẹ̀pẹ̀ ọ̀nà oko.
Ó ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀,
òjò kì í pa ẹni tó ti mọ ibi tó ń kán sí."

Nígbà tí omi dé orí ibùsùn, mo pe Àkíìmù káfíńtà.
Kò tíì gòkè tó ti ń da ìbéèrè bolẹ̀:
Ṣé òrùlé yín tẹ́ ni àbí ó ga? Tó bá ga, igi á pọ̀.
Igun mélòó ló ní? Mẹ́fà. Bàbá fẹ́ràn igun.
"Igun ń jẹ páànù bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ èèpo iṣu."
Ṣé ẹ fẹ́ páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí òjò á máa pariwo lórí ẹ̀,
àbí èyí tó nípọn, tó gbówó lórí, tí ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan?
Ìyá wa dáhùn látinú yàrá:
"Èyí tí n óò máa gbọ́. Òjò ò gbọdọ̀ bá mi lójijì."

Ó kọ iye sẹ́yìn páálí sìgá: mílíọ̀nù kan ó lé díẹ̀.
Mi ò mọ̀ pé "díẹ̀" yẹn ti lóyún.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí páànù àkọ́kọ́,
Àkíìmù fi ìka gún igi,
ìka rì bí ẹni gún ẹ̀kọ tútù.
Ikán ti jẹ inú tán, ó ku awọ.
Páànù ló ń gbé igi ró, kì í ṣe igi ló ń gbé páànù.
Owó igi tuntun nìyẹn. Owó òróró dúdú tí ikán ń sá fún.
Owó ọkọ̀: bí dẹ́rẹ́bà ti rí i pé ojú ọ̀run ṣú,
ló bá fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún lé e.
Ẹni tó ń kan òrùlé lóṣù Agẹmọ
ń san owó iṣẹ́, ó ń san owó ìbẹ̀rù.
Páànù tí mo nájà lọ́jọ́ Ajé, ó ti fò sókè lọ́jọ́bọ̀.
Wọ́n ní dọ́là ni,
dọ́là tí ò wọ Òṣogbo rí, tí òjò ò pa rí.

Mo pe ẹbí. Yàrá mẹ́jọ, gbogbo ẹ̀ ló lólúwa.
Ẹ̀gbọ́n Ráfíù ní méjì, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà n'Ílọrin.
"Ilé wa" ni wọ́n ń pè é lọ́jọ́ tí a pín yàrá;
mo dárúkọ òrùlé, ó di "ilé ìyá yín".
Sìfáwù nìkan ló fi nǹkan ránṣẹ́, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì,
ó ní kí n má sọ fún ọkọ òun.

Lọ́jọ́ kẹta, Àkíìmù ké látòkè pé kí n wá wò ó.
Lára igi kan ṣoṣo tí ikán ò lè fẹnu bà,
ìrókò, bàbá ti fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́:
Páànù, pọ́n-ùn mẹ́rìndínlógójì.
Iṣó, ṣílè mọ́kànlá.
Ẹ̀kọ àwọn òṣìṣẹ́, sísì.
Ó wá fàlà nídìí èyí tó kẹ́yìn:
Ó ku pọ́n-ùn mẹ́ta fún Bùsárì.
Ta ni Bùsárì? Ìyá wa ò rántí.
Àkíìmù bú sẹ́rìn-ín:
"Ẹ rí i bí? Ìdí tí mo fi ń gbowó ṣáájú nìyẹn."

A fi ìrókò náà sílẹ̀ síbi tó wà.
Owó tán lórí yàrá kẹfà; tápólì la fi bo méjì tó kù,
kọ́kọ́rọ́ wọn wà n'Ílọrin.
Kí wọ́n tó kan páànù ìkẹyìn mọ́lẹ̀, mo gun àkàbà,
mo yọ pẹ́ńsùlù létí Àkíìmù,
mo kọ tiwa sísàlẹ̀ ti bàbá:
igi, páànù, ọkọ̀, ìbẹ̀rù. Sìfáwù, ogójì.
Ó ku...
Òjò ti ń ṣú bọ̀ láti apá Ẹdẹ.
Mo kọ orúkọ Àkíìmù, ẹni tó ń gbowó ṣáájú.
Mi ò tíì kọ iye.